Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Mi Yọ̀ Nítorí Ahọ́n Mi

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ò dáa. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàfò, orin ìyìn ń lọ lọ́wọ́, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló ń lọ sókè. Ti ọ̀tún ti rọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí pẹ́. Mo fi òsì gbé e lé orí àga tó wà níwájú mi, ó já bọ́. Orí ò fọ́ mi, àyà ò dùn mí. Mo ní bóyá apá aṣọ mi ló fún jù. Ẹ wo ọmọ aráyé: ara ń ké, à ń bú télọ̀.

Mo yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n lè ní kó bá mi wo ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi kedere. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe èdè kankan tí mo gbọ́ rí. Ó ń jáde wàrà, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Mo pa ẹnu dé, mo tún un là, nǹkan kan náà ló tún jáde. Obìnrin náà wò mí, ojú rẹ̀ tàn, ó sì ké halelúyà tí gbogbo ìlà wa fi yíjú padà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi ké, kí ẹ má baà rò pé òmùgọ̀ ni wá. Nínú ìjọ wa, tí wọ́n bá ti ri èèyàn bọmi tán, a máa ń dúró de ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́, àmì rẹ̀ sì ni pé kéèyàn fi èdè tuntun sọ̀rọ̀, bíi tàwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Kíláàsì kan wà fún un. Wọn á jókòó tì ẹ́, wọn á gbàdúrà, wọn á ní kó o la ẹnu kó o sì jẹ́ kí Ẹ̀mí lò ó. Mo wọ kíláàsì náà títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn. Àwọn tí mo tó bí lọ́mọ rí i gbà. Tòbí ọmọbìnrin mi rí i gbà nígbà tó ṣì wà nílé ìwé girama. Èmi ò rí nǹkan kan gbà.

Bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń kú. Ọ̀dà àti ìṣó ni mò ń tà ní Mowe, ibi tí gbogbo ayé ti ń kọ́lé, ẹnu ni mo sì fi ń tà á. Rédíò ni wọ́n ń pè mí nínú ọjà. Àwọn ará ìjọ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, ẹ̀yin Ìyá Tòbí tí ẹnu yín kì í sinmi, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan lẹ ti wá ń yadi. Màá bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ wọn ò lè fi mí sí ẹgbẹ́ aládùúrà láìní ẹ̀bùn yẹn, àwọn kan sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé nítorí pé ìyá mi tó wà ní Ifọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí ni, pé ìdè kan wà tí mi ò tíì já. Èyí dùn mí wọnú egungun.

Nítorí náà, nígbà tí pásítọ̀ wa sọ̀ kalẹ̀ wá, tó gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí gbogbo ìjọ ń hó yèè, ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé ó ti dé. Mo sunkún ayọ̀, mo ń sọ ohun tí mi ò mọ̀, mo ní Ọlọ́run ò kúkú gbàgbé mi.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wá yẹ̀ lábẹ́ mi. Mo ṣubú.

Tí obìnrin bá ṣubú sábẹ́ agbára nílé ìjọsìn wa, àwọn arábìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti da ìró bò ó lẹ́sẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà hàn síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dìde fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà dí Ẹ̀mí lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe da ìró bò mí nìyẹn. Mo wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọrẹ. Mo wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n wàásù. Mo gbọ́ tí Bàbá Tòbí, ọkọ mi, ń jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́ nítorí tèmi. Mò ń pè é. Bí mo ṣe ń pè é tó ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tó. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi lápá kan, arábìnrin kan sì ń fi áńkáṣíìfù nù ún fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sí ìkà nínú wọn. Àwọn àgbà ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo ti wá mọ̀ pé béèyàn bá ń yọ̀ náà, ó yẹ kó máa ríran.

Ìgbà tí ìsìn parí ni ọkọ mi wá sọ́dọ̀ mi. Ó ká ìró náà, ó bá a pé ó tutù. Mo ti tọ̀ sára. Ó gbé ojú mi sọ́dọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ẹnu mi ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dìde dúró láàárín ìjọ, kò pariwo rárá.

“Ẹ wá ọkọ̀ fún mi. Ìyàwó mi ń kú lọ níbí.”

Ọsibítù kékeré kan ní Mowe ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n gbé apá méjèèjì sókè, kan ṣoṣo ló gbéra. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín, ìdajì ojú mi ló dá a lóhùn. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kò sọ iye rẹ̀ sí mi létí, ó kàn bi ọkọ mi pé láti ìgbà wo. Ọkọ mi ní láti ìgbà orin ìyìn. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. Mọ́tò ò rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, orí mi wà lórí itan Tòbí, ó ń sunkún sí mi lójú.

Nílé ìwòsàn ńlá, a dúró lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ mi, a tún dúró de ẹni tó máa ka àwòrán náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù rí mọ bó ṣe ń rí. Èèyàn á máa wo gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun bí ẹni tó ń wo òṣùpá ààwẹ̀.

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀gbà. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan lọ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá òsì ọpọlọ mi. Apá òsì ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó ọ̀rọ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ mi tú ká. Wọ́n ń pe irú ìyẹn ní afásíà. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe odi, ọgbọ́n orí ò sì lọ. Èèyàn mọ ohun tó fẹ́ sọ, ohùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti inú dé ẹnu ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn á kàn dákẹ́. Tẹlòmíràn á máa ṣàn bí odò, tí kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn.

Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ péré lẹ́yìn tí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tiwa sì ti kọjá. Ọkọ mi bi í pé ká ní a tètè dé ńkọ́. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè búra. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn nítorí pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkọ mi sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Mi ò ní fi bò fún yín: àìsàn yìí ń tẹ́ni. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí nímú láti máa fi fún mi lóúnjẹ, torí omi lásán ń pá mi lórí. Tòbí ló ń nù mí, ló ń pààrọ̀ aṣọ mi, bí mo ṣe ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Èjìká ọ̀tún dùn mí tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá yí mi padà, màá ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Màá ṣàdédé bú sẹ́kún, màá ṣàdédé rẹ́rìn-ín, kò sí ìdí. Èdè tó ń ṣàn yẹn sì gbẹ. Ó ku “tá, tá, tá” nìkan. Tí mo bá fẹ́ omi, tá ni. Tí mo bá fẹ́ kú, tá náà ni.

Pásítọ̀ wa wá. Ó jókòó sórí àga oníke kan. Ó ní, “Ìyá Tòbí, ohùn yín là ń gbọ́. A ò wo ojú yín.” Kò sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, kò ní kí n ní ìgbàgbọ́. Ó sunkún. Láti ìgbà náà, nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ṣubú, wọ́n ń ká ìró, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń ní kó gbé apá méjèèjì sókè. Ẹni tó bá jẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ lóòótọ́ ló bà lé e, ìyẹn ò ní pa á lára. Ọkọ mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Èmi padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí bóyá wọ́n ka ọjọ́ yẹn mọ́ àwọn tó rí ẹ̀bùn gbà tàbí wọn ò kà á, èmi náà ò sì béèrè.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìyá mi ni.

Ojú ìyá mi ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Rafíátù ló ń gbé ní Ifọ̀. Láràárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, Rafíátù á pè mí lórí fóònù, màá kí Ìyá, wọn á kì mí ní Àbẹ̀kẹ́, a óò sì máa ṣòfófó títí oòrùn á fi yọ. Ohùn ni ìyá mi fi ń rí wa. Ẹni tí wọn ò bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, lójú tiwọn, onítọ̀hún ò sí mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, ẹbí ní kí wọ́n má sọ fún wọn, pé ọkàn wọn ò ní gbé e. Wọ́n ní mo lọ ra ọjà lọ́nà jíjìn. Nígbà tí irọ́ ìyẹn gbó, wọ́n ní kí Tòbí máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni, torí ohùn wa jọra púpọ̀. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ tí ọmọ mi ń kí ìyá mi ní orúkọ mi. Mo gbọn orí, mo lu irin bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ni kò lẹ́nu láti dá sí i.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Ìyá ní kí “Àbẹ̀kẹ́” dárúkọ ewé tí wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí mo ṣe ìgbóná ní kékeré. Tòbí ò mọ̀ ọ́n. Ìyá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kan irin yẹn mọ́. Nígbà náà ni Rafíátù tó sọ òótọ́ fún wọn, pé ẹ̀gbà ló mú mi, pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá sunkún, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ mi, ì báà jẹ́ ìkérora. Ẹbí tún ní rárá, ó dìgbà tí mo bá gbádùn díẹ̀.

Bí mo ṣe mọ ohun tí mò ń tìtorí rẹ̀ sàn nìyẹn. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ọjà, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ohùn mi kí wọ́n tó lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan nílé ìwòsàn ló ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ. Orin ló kọ́kọ́ ní kí n kọ, ẹnu sì yà mí, ọ̀rọ̀ inú orin náà jáde pérépéré, èmi tí mi ò lè pe omi. Ó ní apá ibòmíràn nínú ọpọlọ ló ń gbé orin, pé a óò máa gba ibẹ̀ yọ́ ọ̀rọ̀ jáde. Tí ẹ bá ní aláìsàn irú mi nílé, ẹ bá a kọrin. Ẹ má parí ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé ó dití, ẹ ní sùúrù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe omi, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Tòbí. Lẹ́yìn náà mo mú gbólóhùn kan, òun ni mò ń pè ní àpètúnpè láti àárọ̀ dalẹ́: “Ìyá mi, èmi Àbẹ̀kẹ́ ni.” Ọkọ mi á bá mi ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí ìka. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde lódidi, ọkọ mi sá jáde lọ sunkún sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí mo lè fi ọ̀pá rìn, ó gbé mi lọ sí Ifọ̀. Rafíátù ti sọ fún mi kí n tó wọlé pé ara Ìyá ò dá mọ́, pé wọn kì í mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ti kéré gan-an. Rafíátù ní, “Ìyá, Àbẹ̀kẹ́ yín ló dé.” Mi ò lè kúnlẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ tì wọ́n. Mo sọ ọ́. Ó lọ́ra, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó pé.

“Ìyá mi. Èmi. Àbẹ̀kẹ́. Ni.”

Wọ́n dẹ etí. Wọ́n dẹ ẹ́ pẹ́.

“Ta ni àlejò yìí, Rafíátù?”

Rafíátù búra fún wọn pé èmi ni. Wọ́n ní rárá, Àbẹ̀kẹ́ ń sọ̀rọ̀ wàrà bí òjò, wọ́n ní a ti tan àwọn lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Mo gbé ọwọ́ wọn lé ojú mi. Wọ́n fọwọ́ wá a, wọ́n dé ibi tí ẹnu mi ti wọ́, ọwọ́ wọn dúró. Mo ní wọ́n ti mọ̀ mí.

“Yéè. Ẹ̀gbà mú ìwọ náà? Pẹ̀lẹ́, ọmọ ọlọ́mọ.”

Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní ẹ̀gbà mú ọmọ tàwọn náà, wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àdúrà aláìsàn kì í jìnnà sí Ọlọ́run, kí n jọ̀ọ́ kí n bá àwọn tọrọ àlàáfíà fún un, Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Mo la ẹnu. Tí mo bá ń sunkún, ọ̀rọ̀ máa ń sá fún mi títí di òní, gbogbo rẹ̀ sì sá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jáde ni èdè tí mi ò mọ̀ yẹn, tó ti gbẹ láti ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè dá a dúró. Rafíátù bo ojú, ó jáde. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń ṣe àmín sí i, àmín, àmín, títí mo fi dákẹ́.

Wọ́n ní, “Mi ò gbọ́ èdè rẹ. Mi ò kúkú gbọ́ Lárúbáwá tí mo fi ń kírun láti kékeré náà. Ọlọ́run gbọ́.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kú. Wọ́n sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, mo sì fi ọwọ́ òsì bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè wọn.

Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń sọ̀rọ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà mi sì ń dúró dè mí. Ọwọ́ ọ̀tún ò lè ṣí agolo ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó lè di ìgò omi mú. Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí, tó rọ lápá kan tí kò jẹ́ kí apá kejì kú. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láràárọ̀, ẹ̀yin náà ẹ lọ wọn tiyín. Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ Tòbí, lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi ní kí n tọrọ àlàáfíà fún Àbẹ̀kẹ́, mo tọrọ rẹ̀, wọ́n ṣe àmín sí i, mo sì ń rí i gbà. Ohun tí mi ò rí gbà ni pé kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni.